Jíìpù Tí Kò Lọ́ìlì Nínú

Kò sóhun tí Akínfọlárìn mẹkáníìkì kórìíra tó ọlọ́kọ̀ tí kò mọ̀dí ẹ́ńjìnnì, tó tún ń pàṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá kan wa ògbólógbòó jíìpù wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ létí igbó.

"Ọ́ìlì tó ṣàn ni kó o bá mi rọ sí i. Má tú ìdí ẹ̀ o."

Akínfọlárìn pòṣé. "Ẹ́ńjìnnì tó gbó báyìí, ọ́ìlì tó ki ló ń mu. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò, bó ṣe máa ń ṣe kí ọ̀dẹ̀ kan má baà sítáàtì ọkọ̀ lé e lórí. Ó wọ abẹ́ jíìpù, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì.

Ọ́ìlì kankan ò kán. Ó ti ìka bọ inú ihò náà. Eruku ló bá níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì tutù bí òkúta odò.

"Ẹ wa ọkọ̀ débí láìsí ọ́ìlì! Irú orí wo lẹ gbé sọ́rùn?"

Ó wo ìta. Ẹsẹ̀ bàbá náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún jẹ́jẹ́. Látinú ihò tó tú, ní ọ̀kánkán ojú ẹ̀ gan-an, ohùn bàbá náà jáde.

"Mo ní kó o má tú u."