Àwòrán Ilé Oko Sàlàkọ́

Ilé oko mẹ́ta ni Sàlàkọ́ fi pẹ́ńsùlù yà sórí bébà kó tó kọ́ wọn sínú oko kòkó ìdílé rẹ̀ ní Ìdànrè. Nígbà tó kú, Màmá, opó rẹ̀, kó àwọn àwòrán náà sínú àpótí, ó gbé wọn wá sí Atlanta. Ṣùgbọ́n ikán ti ṣáájú rẹ̀ dé ìdí wọn. Èyí tí Màmá fẹ́ràn jù, ilé kékeré ẹ̀bá odò, ni ikán dájú sọ: ibi tí yàrá rẹ̀ wà ti di ihò.

"Ẹ máa sọ ọ́ fún mi, màá tún un yà," ni Túnmiṣe, ọmọ rẹ̀, wí. Iṣẹ́ àwòrán ilé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan. "Èmi àti Ṣìkẹ́mi àbúrò mi ti fẹnu kò. Ẹ máa padà sínú yàrá yín."

Màmá jó nínú kíṣìnnì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Kí ló tún kù tó ń wá láyé? Abẹ́ fèrèsé yàrá yẹn ni wọ́n sin Sàlàkọ́ sí. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, á fa kọ́tìnì, á ní, "Ẹ káàárọ̀, olówó orí mi." Àtìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ Túnmiṣe ní Redan, lẹ́bàá Atlanta, kò rẹ́ni kí.

Bó ṣe ń sọ ni Túnmiṣe ń yà.

"Tí ẹ bá sùn, ibo lẹ máa ń kọjú sí?"

"Ẹnu ọ̀nà. Ṣé kí olè wá ká mi mọ́ ẹ̀yìn ni?"

"Kọ́tìnì ńkọ́?"

"Àdìrẹ ni. Ó wà nínú àpótí mi." Màmá wò ó. "O ò bi mí nípa pálọ̀, o ò bi mí nípa ilé ìdáná."

"A máa débẹ̀, Màmá."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Màmá àti àwọn ìyá ìjọ gbé ọsàn lọ kí Ìyá Mọ́tọ́lá ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Marietta. Orí àga onítáyà ni wọ́n bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kan tó ń tú sókè láàárín ọgbà. Ó ń bi wọ́n bóyá Mọ́tọ́lá ti ń bọ̀ wá mú òun lọ sílé.

Inú bí Màmá títí tí Túnmiṣe fi wá gbé e. "Kéèyàn bímọ, kí ọmọ wá lọ gbé e sọ́wọ́ àlejò! Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

"Àmín," ni Túnmiṣe wí. Ojú títì ló ń wò.

Lóòótọ́, Màmá ti gbé ẹ̀wà kaná rí, ó gbàgbé rẹ̀ títí èéfín fi gba gbogbo ilé. Ó jáde lọ́jọ́ mìíràn, kò mọ̀nà ilé mọ́, ọlọ́pàá ló mú un wálé. Ta ni kì í gbàgbé? Àárò ilé ló ń dà á láàmú. Tó bá ti délé, ara á balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, Ṣìkẹ́mi, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wá láti Jonesboro. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á lára, ó fún un lóògùn kí ọkọ̀ òfuurufú má baà rú u nínú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣé mi ò ní máa pè yín ni?" Màmá gbé ọwọ́ lé àwọn méjèèjì lórí. "Bí ẹ ṣe ṣe fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ọmọ tiyín náà á ṣe fún yín."

Kò sẹ́ni tó ṣàmín. Ṣìkẹ́mi sáré wọ ilé ìwẹ̀. Inú mọ́tò ni oorun ti gbé Màmá lọ.

Nígbà tó lajú, ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí. Àpótí rẹ̀ wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fọ́tò Sàlàkọ́ wà lára ògiri, kọ́tìnì àdìrẹ sì wà lápá ọ̀tún gan-an níbi tó ní kí ó wà. Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n ọ́n.

"Túnmiṣe, o ṣeun, ọmọ mi," ló wí, ó sì dìde.

Ó fa kọ́tìnì láti kí ọkọ rẹ̀, Ìyá Mọ́tọ́lá sì juwọ́ sí i láti orí àga onítáyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń tú sókè.