Ọ̀kẹ́rẹ́ Ṣọ́ Igi Ọ̀pọ̀tọ́

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ tó háwọ́. Òun nìkan ló ní igi ọ̀pọ̀tọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe lóko, ó gbà kí ẹni tébi ń pa jẹ níbẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan lọ.

Àdán jẹ, ó yó, ó na ọwọ́:

"Ọ̀kẹ́rẹ́, wo ọwọ́ mi!
*Fẹ̀rẹ̀-kùn-fẹ̀!*
Mi ò mú nǹkan kan lọ!
*Fẹ̀rẹ̀-kùn-fẹ̀!*"

Ó fò sọdá odò, ó ń yàgbẹ́ tó kún fún kóró èso káàkiri.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjì wó igi Ọ̀kẹ́rẹ́. Ebi lé e sọdá odò, ló bá rí àwọn ọmọ igi rẹ̀ tí wọ́n so jìngbìnnì.

"Àdán, olè! Ibo lo fi èso mi pamọ́ sí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọwọ́ mi lo wò, o ò wo ikùn mi. Jẹun jàre. Àmọ́ tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́, tètè sáré lọ yà á nílé rẹ."