Ẹni Tó Ṣe É Gan-an

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì náà ti ìwé kan síwájú ẹnjiníà wọn nínú ọ́fíìsì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà, ó sì gbé bírò lé e lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé-iṣẹ́ kejì tó ń bá wa díje ti gbé wa lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn làwọn kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tá a fi ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, àti pé ìjọba ti fún àwọn níwèé àṣẹ lórí ẹ̀. Ta ló ṣe tiwa gan-an? Ṣé ọ̀gá ni?"

"Ọ̀gá tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà?"

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọ̀gá sára iṣẹ́ yẹn, tí ẹnjiníà ń gbàdúrà kí Ọlọ́run gbé orúkọ tòun náà jáde.

"Ṣé ẹnì kankan fún yín ní àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ wò ṣe é?"

Ẹnjiníà rántí àwọn ìwé ilé-iṣẹ́ kejì tí ọ̀gá kó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kó ṣe irú ẹ̀ fún òun. Ó gbé ìrántí náà mì bí ẹni gbé itọ́ mì.

"Èmi nìkan ni. Inú orí mi ló ti jáde."

"Ọ̀gá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ mọ̀?"

"Orí yín pé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe é."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gàdàgbà-gadagba. "Olúwa, o ṣeun."

Agbẹjọ́rò ká ìwé náà. Kò tíì dìde lórí àga tó fi pe ọ̀gá lórí fóònù.

"Ó ti fọwọ́ sí i, sà. Ẹ lè sọ fún wọn pé a ti rí olè náà mú."