Ìnàkí Sin Odídẹrẹ́

Àlọ́ mi fò pìrì, ó bà lé Ìnàkí, ẹni tí ó fẹ́ràn afẹ́ ju oúnjẹ lọ.

Ìnàkí lọ bẹ Ìyá Odídẹrẹ́ pé kó fún òun lọ́mọ kan sìn.

Ìyá ní, "Ọmọ mi ń jẹ ẹyìn láràárọ̀, kì í sì í lè dá wà. Ṣé o lè ṣe é?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá."

Ìyá gbé ọmọ kan fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo igbó fi wá wòran ẹyẹ náà nílé Ìnàkí. Nígbà tí ìran sú wọn, Ìnàkí gbàgbé ẹyẹ sínú àgò, ó ń jó kiri. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, ó ń kọrin:

Ìnàkí, ẹyìn mi dà?
*Kèrèjẹ̀.*
Ta ni n ó bá sọ̀rọ̀?
*Kèrèjẹ̀.*
Ìyẹ́ mi ń tán lọ o!
*Kèrèjẹ̀.*

Àwọn ẹranko gbe orin náà títí ó fi dé etí Ìyá. Ó dé, ó ní, "Gbé ọmọ mi fún mi!"

Ìnàkí wo àyà ẹyẹ tó ti di bọ̀rọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ dákun, Ìyá, ẹ dá oṣù kan fún mi." Ìyá gbà.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìnàkí a gun ọ̀pẹ, a pọnmi, a sì máa bá ẹyẹ tàkúrọ̀sọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹ́ hù, ìrù pọ́n fòò.

Oṣù pé, Ìyá dé. Ó bá Ìnàkí lórí ọ̀pẹ, òógùn bò ó, ẹyẹ jókòó sí èjìká rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ìyẹn ò tíì pọ́n! Gun òmíràn!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìnàkí, mo ní kí o sìn ín bí ẹran ọ̀sìn ni, o wá ń sìn ín bí ọba!"

"Ìyá, ọ̀kan náà ni," ni Ìnàkí wí, ó sì kọjá sórí ọ̀pẹ kejì.