Kí Ìwé Marlys Má Bàa Kú

Orville Tveit kó àgbàdo tútù mẹ́fà dání lọ sí ọ́fíìsì insọ́ránsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí ní Minnesota, ta ní ń mú ọwọ́ òfìfo lọ kí èèyàn nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì? Kendra Pohl ló bá níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Kendra tíì lò nílùú náà. Saint Paul ló ti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ó dúpẹ́ àgbàdo, ó sì gbé fáìlì Marlys, ìyàwó Orville, síta.

Ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà kò dùn. Láti bí ogójì ọdún ni Marlys ti ra ìwé insọ́ránsì sórí ẹ̀mí ara rẹ̀. Lóṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ ń yọ tiwọn nínú owó tó ti kó jọ síbẹ̀, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá sì ṣe ń lọ sókè ni ohun tí wọ́n ń yọ ń pọ̀ sí i. Kendra ní owó náà ti ń fà bí omi kànga lásìkò ọ̀dá, kò sì ní rí Kérésìmesì. Tó bá gbẹ tán, tí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta kọjá láìsí àfikún, ìwé náà kú nìyẹn.

Orville ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó béèrè ohun tó lè mú un wà láàyè.

Ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè dín owó tí ìwé náà máa san lẹ́yìn ikú kù, kí èyí tí wọ́n ń yọ lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n Marlys fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i. Tàbí kí Orville máa san iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìjẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó kankan yẹ̀. Nígbà náà, bí àpò bá tiẹ̀ ṣófo, ìwé kò ní kú. Kendra fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ní òun á wakọ̀ wá sóko wá bá Màmá.

“Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Marlys ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan.”

“Ṣé olórí kunkun ni wọ́n ni?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.”

Kendra rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ọkọ tó bá ń da owó sórí ẹ̀mí ìyàwó ẹ̀ báyìí, ọlọ́pàá máa ń yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀ o.”

“Hotdish, àsèpọ̀ ẹran àti ọ̀dùnkún inú ààrò yẹn, nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè. Ìyẹn náà sì tó pa èèyàn.”

Orville ní òun á ta ọkọ̀ ojú omi tóun fi ń pẹja. Àánú ṣe Kendra. Ó bi í bóyá owó tí ilé-iṣẹ́ máa san bí ọlọ́jọ́ bá dé bá Màmá ló ń wò.

“Mi ò fẹ́ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n ṣáà máa ka ọjọ́ orí ẹ̀ lọ.”

Kendra rò pé bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn nìyẹn, ó sì ṣe àmín. Orville kọ sọ̀wédowó. Kendra fún un ní káàdì tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́, nítorí Marlys yóò pé ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ Ẹtì.

Orville kò darí sílé tààrà: ó yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran, ó sì fi káàdì náà ti ara òkúta tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Marlys Tveit kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.