Èsì Tí Pettifer Kò Gbọ́

Eré àwọn ọmọdé ti parí nílùú Morecambe.

Alun Pettifer dá jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń múra, ó ń nu atíkè kúrò lójú.

Ogún ọdún ló fi bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n.

Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé.

Obìnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi dàgbà."

Alun rẹ́rìn-ín. "Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn! Ṣé o máa ń wò mí?"

"Lójoojúmọ́. Ẹ máa ń ní, 'Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?' Ẹ ó wá dákẹ́ díẹ̀ ká lè dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kí ni ìwọ wá máa ń sọ?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

"Glenys ìyá mi, tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, á tì mí sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á ní kí n tètè sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Èmi á wá ní, 'Dádì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé?'"

Obìnrin náà fa àga, ó jókòó, ó ń wo ẹnu Alun, ó ń retí èsì.