Ilé Tí Róòsì Wọn Kì Í Ṣe Ojúlówó

Mashti Yadollah, aládùúgbò wọn, ti wá tọrọ Mahrokh fún ọmọ rẹ̀.

Tíì ń tutù. Mahrokh ń gbàdúrà pé kí bàbá òun má dárúkọ òdòdó lónìí.

Bàbá rẹ̀, Alájì Nosrat, dárúkọ rẹ̀.

"Mashti, ọmọ yín dáa. Róòsì yín ni kò dáa. Tiwa ni ojúlówó róòsì Mohammadi àtijọ́. Ẹ wo ẹ̀gún rẹ̀! Ẹ gbóòórùn rẹ̀! Tiyín ń rùn bí ọṣẹ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Dákẹ́! A kì í da ojúlówó pọ̀ mọ́ àyédèrú. Mi ò fọmọ fún ilé àdàlù."

Mashti Yadollah ò bínú. Ìyá Alájì ló ń wò, ìyá àgbà tó fi ṣúgà há eyín, tó ń rọra mu tíì.

Alájì yíjú sí i. "Ìyá, ẹ sọ fún wọn bí bàbá mi ṣe gbin tiwa."

Ìyá àgbà gbé ife kalẹ̀.

"Ọdún yẹn, òtútù pa gbogbo róòsì wa. Ọmọ tó bá hù nídìí ìyá rẹ̀ la sì máa ń wú gbìn. Àwa ò ní ìyá kankan mọ́."

"Níbo wá ni bàbá mi ti rí ọmọ wú?"

"Ọdún yẹn náà ni àwọn ará ilé Mashti lọ sí ìlú Mashhad. Ta lo rò pé wọ́n fa ọgbà wọn lé lọ́wọ́?"



Mashti Yadollah tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Alájì, ìdána ti wọlé yín tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́."